Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wo ló yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ rà ní Abidjan? Ẹ ṣírò owó yíǹkì kí ẹ tó sanwó

Tí ìdánwò bá ku ọ̀la, tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ilé ẹ̀kọ́ sì dákẹ́, ojú pátákó ni olùkọ́ máa kọ ìbéèrè sí, tàbí kó sáré lọ tẹ̀ ẹ́ níta pẹ̀lú owó tí ẹnikẹ́ni ò pèsè sílẹ̀.

Fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní Abidjan, níbi tí ọdún ẹ̀kọ́ ti pín sí sáà mẹ́ta, ohun tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò rèé.

Ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú lè wọ́n jù

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ 400 ń ṣe ìdánwò 8 ní sáà kan, tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan jẹ́ ojú ìwé 2. Ojú ìwé 19,200 nìyẹn lọ́dún.

Tí cartridge kékeré bá ń tẹ ojú ìwé 200, ẹ máa ra 96. Tí toner ẹ̀rọ laser bá ń tẹ 2,000, 10 péré ti tó. Ẹ̀rọ onítáǹkì tí ìgò yíǹkì rẹ̀ ń tẹ 4,000 kò ní lò ju ìgò 5 lọ.

Nítorí náà, ẹ pín owó yíǹkì sí iye ojú ìwé tó lè tẹ̀, kí ẹ fi ṣe àfiwé.

Laser tàbí onítáǹkì?

Ooru ni laser fi ń lẹ ìyẹ̀fun toner mọ́ ìwé, ìdí nìyẹn tó fi ń fa iná púpọ̀. Inverter kékeré lè má gbé e. Àmọ́ toner kì í gbẹ.

Onítáǹkì kì í fẹ́ iná púpọ̀, ṣùgbọ́n yíǹkì rẹ̀ lè gbẹ nígbà ìsinmi gígùn. Ẹ máa tẹ ojú ìwé kan lọ́sẹ̀.

Ní 2021, wọ́n pín iná mọ̀nàmọ́ná lò ní Côte d'Ivoire. Ẹ ronú nípa iná kí ẹ tó yàn.

Kí gbogbo olùkọ́ lè jọ lò ó

Ẹ ra èyí tó ń lo Wi-Fi tàbí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tó sì ń béèrè nọ́ńbà ìdánimọ̀, kí ìbéèrè ìdánwò má baà jáde sílẹ̀ láìsí olówó rẹ̀ níbẹ̀.

Èyí tó ń tẹ ẹ̀yìn àtiwájú máa dín rím ìwé 39 kù sí 20.

Ẹ tọ́jú ìwé síbi gbígbẹ, nítorí ìwé tó bá rin máa ń há sínú ẹ̀rọ.

Lákòótán, ẹ kọ́kọ́ béèrè ní Adjamé tàbí Treichville bóyá yíǹkì ẹ̀rọ náà wà lọ́jà, bóyá ẹni tó lè tún un ṣe sì wà nítòsí.