Ìlú Agégi: Ọ̀rọ̀ lórí Dídá Igi Ilẹ̀ Wa Padà sí Igbó

Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀nà tí a lè gbà dá igi ilẹ̀ wa padà sí ilẹ̀ tí wọ́n ti kúrò. Kì í ṣe igi lásán ni mo ní lọ́kàn, bí kò ṣe àwọn igi igbó kìjikìji tí orúkọ wọn kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá: ìrókò, arère, ọ̀gànwó, àpá, ọ̀pẹ̀pẹ̀, ìdígbò, àti ọmọ̀ tí àwọn agbẹ́gi fi ń gbẹ́ ìlù. Àgbègbè Ìkẹjà àti Agége ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé ibi tí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ kún fọ́fọ́ ni mo mú fún ọ̀rọ̀ igbó. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ nípa orúkọ Agége ni pé "agégi" ni ó ti wá, pé ìlú àwọn tí ń gé igi ni. Bí ìtàn náà jẹ́ òótọ́, bí kò sì jẹ́ òótọ́, iṣẹ́ tí ó tọ́ka sí kì í ṣe irọ́.

Àbá tí mo mú wá kò ju ẹyọ kan lọ. Mo gbà pé ohun tí ó ń dí wa lọ́wọ́ kì í ṣe àìsí ẹni tí yóò gbin igi. Ohun tí ó ń dí wa lọ́wọ́ ni pé irúgbìn láti ara ìyá igi tí ó yẹ ti ń wọ́n, a kò sì fún àwọn igi wọ̀nyí ní ẹgbẹ́ tí wọn yóò bá dàgbà. Bí a kò bá mójú tó ohun méjèèjì yìí nígbà tí ìyá igi ṣì wà láàyè, owó yòówù tí a bá mú dání lẹ́yìn náà kò ní rí irúgbìn rà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí igbó náà ṣe lọ. Ní ọdún 1895, nígbà tí òwò rọ́bà kò tíì pẹ́ púpọ̀ ní ilẹ̀ yìí, rọ́bà tí a kó jáde ní èbúté Èkó lé ní mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn ní ìwọ̀n. Ara igi ìrẹ́ ni a ti ń rí i. A ń kọ ìrẹ́ lára lójoojúmọ́ láìfún un ní ìsinmi, oje rẹ̀ sì gbẹ. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, ọ̀pọ̀ ìrẹ́ inú igbó wa ti kú lórí ìdúró. Ní ọdún 1896 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà rélùwéè láti Èkó, ó gba Agége kọjá, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Bí ojú irin ti dé ni àwọn àgbẹ̀ olówó ti Èkó tẹ̀ lé e. Jacob Kẹ́hìndé Coker dá oko kòkó ńlá sí Ìfàkọ̀, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ sì dá Agege Planters' Union sílẹ̀ ní 1907. Lẹ́yìn kòkó ni obì gbànja gba ilẹ̀ náà, tí àwọn oníṣòwò Hausa fi ń ti òkè Ọya wá rà á.

Èmi kì í dá àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí lẹ́bi bí àwọn kan ti í ṣe. Kòkó fẹ́ràn òjìji, àgbẹ̀ kòkó a sì máa dá díẹ̀ sí nínú àwọn igi ńlá. Oko kòkó jẹ́ igbó tí a sọ di fẹ́lẹ́ ni. Ohun tí ó pa igi rẹ́ pátápátá ni ilé àti ilé-iṣẹ́, pàápàá láti àwọn ọdún 1950 tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní Ìkẹjà fún àwọn oníléeṣẹ́. Ohun kan wà níbẹ̀ tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ìbànújẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 títí di 2008, ilé-iṣẹ́ Dunlop ń ṣe táyà ní Ìkẹjà. Rọ́bà igi ilẹ̀ Brazil ni ayé fi ń ṣe táyà. Igi ìrẹ́, tí ó kọ́kọ́ sọ Èkó di èbúté rọ́bà, ti di ohun tí ọmọ Ìkẹjà kò mọ̀ bí ó bá rí i.

Kì í ṣe pé ìjọba kò rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀. A ti dá ọgbà ohun ọ̀gbìn kan sílẹ̀ ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta ní 1887. Ní 1899 ni a ya igbó Olókemèjì sọ́tọ̀, ó sì wà lára àwọn igbó àkọ́kọ́ tí ìjọba fi òfin dáàbò bò ní ilẹ̀ yìí. Igbó Ọmọ́ tẹ̀ lé e ní 1925, a sì tún ya nǹkan bí 460 hẹ́kítà sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ ní 1946, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi níbẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di pé kí a gbin igi dípò èyí tí a gé, igi òkèèrè ni a yàn: tíìkì àti mẹlínà, tí méjèèjì ti Éṣíà wá. Nínú igbó Ọmọ́ kan náà, a gé igbó ìbílẹ̀ lulẹ̀ rẹrẹẹrẹ kí a lè gbin mẹlínà fún ilé-iṣẹ́ ìwé tí a fẹ́ dá sí Ìwópìn. Ó rọrùn láti bú àwọn tí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n mẹlínà a máa hù wéréwéré nínú oòrùn gangan, kòkòrò ilẹ̀ wa kò sì mọ̀ ọ́n. Igi tiwa kò rí bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí a fara balẹ̀ wò.

Àwọn baba wa ní láti kékeré ni a ti í gé ẹ̀ka ìrókò, nítorí bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Ẹni tí ó pa òwe yìí gbà pé ìrókò yóò máa hù fúnra rẹ̀ níbi gbogbo, pé dídàgbà rẹ̀ nìkan ni ó yẹ kí a bẹ̀rù. Kò lè rò ó láé pé kékeré ìrókò gan-an ni yóò di ohun àwátì. Kòkòrò kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Phytolyma lata, tí kò tó eṣinṣin ní títóbi. Ara ewé àti ọ̀mùnú ìrókò kékeré ni ó máa ń yé sí. Bí ọmọ rẹ̀ bá ti ń fa omi ara igi náà mu, ara igi á wú bò ó, á di kókó. Lọ́jọ́ tí kókó bá là, kòkòrò á fò lọ, ojú ọgbẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, orí igi á sì kú. Igi náà á tún yọ ẹ̀ka mìíràn, kòkòrò á tún padà wá. Ẹni tí ó bá gbin ìrókò nìkan sórí ilẹ̀ gbalasa, bí ẹni gbin àgbàdo, oúnjẹ ni ó tò sílẹ̀ fún Phytolyma.

Ní Kumasi ní ilẹ̀ Gánà, Joseph Cobbinah àti Michael Wagner ará Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwọn alájọṣiṣẹ́ wọn fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ọ̀ràn yìí. Wọ́n rí i pé gbogbo ìrókò kọ́ ni kòkòrò náà ń bà jẹ́ bákan náà. Àwọn ìyá igi kan wà tí ọmọ wọn lè dúró dè é. Bí a bá sì gbin ìrókò díẹ̀ sáàárín igi mìíràn, tí òjìji díẹ̀ wà lórí wọn, ìpalára náà a máa dín kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọ̀gànwó, tí ìdin kan máa ń gbẹ́ ihò sí ọ̀mùnú rẹ̀ títí yóò fi di igi oníwọ̀kuwọ̀ tí kò ṣeé là sí pákó. Ohun tí igbó ń ṣe láti àtètèkọ́ṣe ni èyí: ó ń fi igi kan pa igi kejì mọ́.

Ìrókò tún ní akọ, ó ní abo. Abo nìkan ní í so èso, ó sì nílò akọ nítòsí kí irúgbìn rẹ̀ tó lè wúlò. Àdán ni ó ń jẹ èso náà lóru, tí ó ń gbé irúgbìn lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ẹni tí ó bá ti gbé inú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ mọ ariwo àwọn àdán wọ̀nyí dáadáa. Àwọn tí ń yìnbọn sí wọn nítorí ẹran, agbìngi tí kì í gba owó iṣẹ́ ni wọ́n ń pa. Nítorí náà, ìrókò kan ṣoṣo tí ó kù nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ kan, bí ó ti wù kí ó tóbi tó, lè jẹ́ àgàn tí a kò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ arère yàtọ̀. Kì í so lọ́dọọdún, kòkòrò a máa jẹ èso rẹ̀ lórí igi, èyí tí ó bá sì bọ́ sílẹ̀ kì í pẹ́ kú bí a kò bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ní àwọn ọdún 1970, ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìbàdàn, tí a ti dá sílẹ̀ láti 1954, fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú àwọn onímọ̀ láti Scotland, tí Roger Leakey wà lára wọn. Wọ́n pa irúgbìn tì, wọ́n sì ń gé ọ̀mùnú arère kékeré gbìn. Ewé ni wọ́n fi mọ àṣírí rẹ̀. Bí a bá fi ewé sílẹ̀ jù, omi ara ẹ̀ka náà á gbẹ. Bí a bá já ewé tán, kò ní rí oúnjẹ tí yóò fi ta gbòǹgbò. Ẹ̀yìn náà ni a wá rí i pé àpótí onígi tí a fi ọ̀rá bò, tí òkúta, yanrìn àti omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tó fún iṣẹ́ yìí. Kò nílò iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun kékeré ní Agége. Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra: ẹgbẹ̀rún arère tí a gé láti ara igi kan, igi kan náà ni gbogbo wọn. Àrùn tí ó bá pa ọ̀kan lè pa gbogbo wọn.

A kò sì lè sọ pé àpẹẹrẹ kò sí. Nínú ilẹ̀ 1,000 hẹ́kítà tí a fún IITA ní Ìbàdàn ní 1967, nǹkan bí 350 hẹ́kítà ni a fi sílẹ̀ tí ó ti di igbó padà. Láti 2010, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Leventis Foundation, wọ́n ti ń kó irúgbìn igi ìbílẹ̀ jọ, wọ́n sì ń tọ́ wọn dàgbà ní nọ́sìrì. Ní ilẹ̀ Brazil, àpẹẹrẹ tiwọn ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1861, ìjọba ọba Pedro Kejì pàṣẹ pé kí a tún igbó gbìn sórí àwọn òkè Tijuca lẹ́bàá Rio de Janeiro, nítorí oko kọfí ti jẹ igbó tán, omi ìlú sì ń gbẹ. Manuel Archer ni a fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́; ẹrú mẹ́fà ni ó kọ́kọ́ bá a ṣe é. Inú igbó ìtòsí ni wọ́n ti hú ọ̀pọ̀ nínú ọ̀dọ́ igi tí wọ́n gbìn, ìyẹn nígbà tí igbó ìtòsí ṣì wà. Ìlú ńlá ni ó yí igbó náà ká lónìí. Nígbàkigbà tí mo bá rántí Tijuca, ilé-omi Ìjú ní ìtòsí Agége, tí a dá sílẹ̀ ní 1910, ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn, àti àwọn ilé tí ó ń sún mọ́ odò rẹ̀.

Ẹnìkan yóò bi mí pé: ta ni yóò fi ilẹ̀ Ìkẹjà sílẹ̀ fún igbó? Èmi náà kò rò pé ẹnikẹ́ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Igbó gidi yóò padà sí Ọmọ́ àti Olókemèjì, bí yóò bá padà. Ohun tí Ìkẹjà àti Agége lè jẹ́ ni nọ́sìrì àti ilé ìyá igi. Àwọn ilé-iṣẹ́ ní ọgbà, àwọn ilé-ìwé ní pápá, ẹ̀gbẹ́ ojú irin ṣì ní àyè. Ilé-iṣẹ́ kan lè gba irú igi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí èkejì gba òmíràn, kí a sì kọ ibi tí irúgbìn kọ̀ọ̀kan ti wá sínú ìwé. Kò yẹ kí a gbin ìrókò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ẹnikẹ́ni, àti nítorí gbòǹgbò rẹ̀ àti nítorí àwọn tí ó ṣì ń bẹ̀rù olúwéré. Ṣùgbọ́n ọmọ̀ àti ìrẹ́ kò ní irú ìdààmú bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2022, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó péjọ sí Panama fi àpá àti ọ̀gànwó ilẹ̀ Áfíríkà kún àwọn igi tí a kò gbọdọ̀ tà kọjá ààlà láìgba ìwé àṣẹ. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n kò lè mú irúgbìn kan hù.

Láti 2008 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti ya ọjọ́ 14 oṣù Keje sọ́tọ̀ fún gbígbin igi lọ́dọọdún. Mo gbóríyìn fún wọn. Ṣùgbọ́n igi ẹlẹ́wà tí ó ga gbọọrọ, tí ewé rẹ̀ ń wọ́ bí agọ̀ eégún, ni a sábà máa ń rí lójú pópó wa, ilẹ̀ India sì ni ó ti wá. Ọjọ́ náà pàápàá yẹ ní àtúnyẹ̀wò. Oṣù Kẹfà ni òjò Èkó ń pọ̀ jù lọ. Kí oṣù Keje tó parí, ó ti ń dáwọ́ dúró fún ọ̀dá inú oṣù Kẹjọ. Ìrókò tàbí arère tí a bá gbìn ní ọjọ́ 14 oṣù Keje kò ní ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ kí òùngbẹ tó dé bá a. Bí a bá gbìn ín ní oṣù Karùn-ún, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ á ti wọlẹ̀ kí ọ̀dá tó dé. Láti lè ṣe bẹ́ẹ̀, ọdún tí ó ṣáájú ni a ti gbọ́dọ̀ wọ igbó Ọmọ́ lọ ṣa irúgbìn.