Owó Ìrìnàjò Ìjọba: Ta Ló Lọ, Kí Ló Lọ Ṣe?

Èmi ni akọ̀wé owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Àgọ́-Àmódù. Bí a bá rán ẹnìkan lọ sí ìpàdé n'Íbàdàn, ojú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ni yóò ti ka owó ọkọ̀ àlọ, owó ọkọ̀ àbọ̀ àti iye tó fi jẹun. Kì í bínú, àwa náà kì í tijú béèrè. Kí ló wá dé tí ó fi dà bí àfojúdi bí ará ìlú bá béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba?

Ẹ ṣí ìwé ìṣúná ìjọba, ẹ ó rí owó náà níbẹ̀: ìrìnàjò nílé, ìrìnàjò lókè òkun, ìpanu àti oúnjẹ, owó ìjókòó ìpàdé. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pe ti ilé ní DTA, wọ́n ń pe ti òkè òkun ní ẹsitakóòdù. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, iṣẹ́ ìjọba kò lè ṣe kí ènìyàn má rìn, àlejò kò sì ní fi ẹnu gbígbẹ lọ. Àmọ́ bí wọ́n bá ní àwọn gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, a ó gun ọ̀kadà lọ wò ó. Bí wọ́n bá ní àwọn sun Àbújá fún ọjọ́ mẹ́rin, kí la fẹ́ lọ wò? Ìwé nìkan ni ẹlẹ́rìí.

Ìjọba Kánádà ti mọ èyí tipẹ́. Ní December 2003 ni wọ́n kéde pé kí àwọn mínísítà àti àwọn ọ̀gá àgbà máa gbé owó ìrìnàjò àti ti àlejò síta: ẹni tó lọ, ibi tó lọ, ìdí rẹ̀, owó bàálù, owó òtẹ́ẹ̀lì. Ní 2019, wọ́n sọ ọ́ dòfin pé ìnáwó oṣù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jáde láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn tí oṣù náà bá parí.

Lọ́dọ̀ tiwa, ìjọba Buhari ṣí ojú òpó Open Treasury ní December 2019, kí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ máa fi owó tó bá tó mílíọ̀nù 5 náírà hàn lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n DTA ẹnì kan kì í sábà tó bẹ́ẹ̀, ó ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ní January 2024, Ààrẹ Tinubu dín àwọn tó ń bá a lọ sókè òkun kù láti 50 sí 20, ó ní kí mínísítà mú 4, kí olórí àjọ mú 2. Àṣẹ náà dára. Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé wọ́n pa á mọ́ bí a kò bá rí ìwé ìnáwó?

Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011 fún wa lágbára láti béèrè. Ẹ kò ní láti sọ ìdí. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fi fèsì. Ẹni tó bá fi àìtọ́ kọ̀ lè san ìtanràn 500,000 náírà. Ní April 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé òfin náà de ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, ó de Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ṣakí tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà níbí, gẹ́gẹ́ bó ṣe de Àbújá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin ẹgbẹ́, ẹ kọ lẹ́tà. Ojú ìwé kan tó. Ẹ béèrè ẹni tó rìn, ibi tó lọ, ọjọ́ tó lò, iye tó gbà àti ohun tó mú bọ̀ fún ìlú. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ 7.