Eré Ìtàgé Tí Kò Dé Ojú Ìwọ̀n

Eré orin máa ń já èrò kulẹ̀ nígbà tí ohun tí wọ́n bá lójú agbo kò bá tó ohun tó gbé wọn kúrò nílé. Olórin lè pẹ́ dé, ohùn lè má já geere, orin tí gbogbo ènìyàn ń retí sì lè má jáde rárá. Ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, ìjákulẹ̀ náà ní ìdí kan sí i: òṣùwọ̀n òde ìnáwó ni wọ́n fi ń wọn ìtàgé.

Fújì, jùjú àti wákà ni etí àwọn ará ìlú méjèèjì mọ̀ lóde. Inú wéré, tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń kọ láti ojúlé dé ojúlé láti jí àwọn Mùsùlùmí sí sààrì nígbà ààwẹ̀, ni Síkírù Àyìndé Barrister ti mú fújì jáde. Orin tó ń wá olùgbọ́ lọ sílé ni láti ìbẹ̀rẹ̀, ìwà náà kò sì kúrò lára rẹ̀. Bí olóde bá dìde lórí àga, onígángan ti rí i kó tó dé agbo. Ìlù á pe orúkọ rẹ̀, olórin á gbà á lẹ́nu ìlù, á kì í dé orí baba tó bí i lọ́mọ. Bí wọ́n ṣe ń lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí ni orin ń gùn, ilẹ̀ sì lè mọ́ bá wọn níbẹ̀.

Ìtàgé kì í rí bẹ́ẹ̀. Nígbà ìjọba Gómìnà Akínwùnmí Ambode (2015 sí 2019), ìjọba ìpínlẹ̀ gbé One Lagos Fiesta, eré ọ̀fẹ́ ìparí ọdún, lọ sí ẹkùn márààrún Èkó, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ sì wà nínú wọn. Nínú eré ńlá báyìí, olórin púpọ̀ ló ń pín òru kan, ìwọ̀nba orin díẹ̀ ló sì ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ olórin òde òní kì í kó onílù wá. Díjéè ló ń gbé orin tí wọ́n ti ká sílẹ̀ sí i. Bí olórin bá gbé maíkì kúrò lẹ́nu láti na ọwọ́ sí èrò, ohùn rẹ̀ ṣì ń kọrin lọ nínú sípíkà. Ẹni tí ìlù ti dárúkọ rí kì í pẹ́ mọ̀ pé kò sí ẹni tó rí òun níbẹ̀.

Ọ̀nà ló ń fa púpọ̀ nínú pípẹ́ dé. Lóṣù Kejìlá, olórin tó gbayì lè gba iṣẹ́ ibi méjì tàbí mẹ́ta lóru kan. Bó bá ń bọ̀ láti Victoria Island, ọ̀nà Ajah ni yóò gbà dé Ẹ̀pẹ́, ọ̀nà Mile 12 ni yóò gbà dé Ìkòròdú. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò sì ṣàjèjì lọ́nà méjèèjì.

Ohùn ní ìṣòro tirẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn onípáànù tí ògiri rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ǹtì, ohùn á máa ta padà, ọ̀rọ̀ á sì lọ́ mọ́ra. Lórí pápá, kò sí ohun tó ń dá a padà. Bí ìjìnnà sí sípíkà bá di ìlọ́po méjì, ohùn á fi désíbẹ̀lì 6 dínkù. Nǹkan bíi mítà 340 ni ohùn ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà ẹni tó dúró ní mítà 100 sí ìtàgé á rí ẹnu olórin tó ń mì kó tó gbọ́ ọ. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí wọ́n to sípíkà mìíràn sí àárín pápá, kí wọ́n sì dá ohùn rẹ̀ dúró díẹ̀ kó lè bá ti iwájú dọ́gba.

Ìjákulẹ̀ kan wà tí kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Nígbà ayé Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, kì í fẹ́ kọ orin tó bá ti ṣe sínú rẹ́kọ́ọ̀dù mọ́ lórí ìtàgé. Tuntun tó ń hun lọ́wọ́ ló máa ń kọ. Ẹni tó bá tìtorí orin rẹ̀ “Lady” lọ sí Shrine, ilé eré rẹ̀, nígbà náà lè darí sílé láì gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ orin tí ẹnikẹ́ni kò tíì lè rà lọ́jà ló gbọ́.

Ààlà tó wà láàárín ẹ̀bi àti ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi yìí náà ni òfin pa. Òfin Ìdíje àti Ààbò Oníbàárà ti ọdún 2018 fún ẹni tó sanwó ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ tó yẹ lásìkò tó yẹ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè ní kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n dá díẹ̀ padà nínú owó òun. FCCPC ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. LASCOPA ni ti ìpínlẹ̀ Èkó. Tíkẹ́ẹ̀tì àti póstà ni ẹ̀rí. Olórin tí wọ́n polówó tí kò yọjú, eré agogo mẹ́jọ alẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí, ìwọ̀nyẹn tó pe ẹjọ́ lé lórí. Orin tí olórin yàn láti kọ, àti orúkọ tí kò pè, kò sí nínú tíkẹ́ẹ̀tì.