Àyà Títa: Oúnjẹ Alẹ́ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Yẹ̀ Wò

Ẹ̀yin ìyá wa, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan nínú ilé yín máa ráhùn lóru pé àyà ń ta òun, bí ìgbà tí a fi ata ra ọ̀nà ọ̀fun, kí omi kíkan sì máa ru wá sí i lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ a sáré mu àgbo tàbí omi kán-ún. Bí ilẹ̀ bá tún ṣú, ìnira náà a padà. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ọ̀nà tí a ń gbà jẹun ni kí a kọ́kọ́ tún ṣe.

KÍ NI Ó Ń FÀ Á?

Omi kíkan wà nínú àpò oúnjẹ wa tí ń mú oúnjẹ dà. Iṣan kan sì wà láàárín ọ̀nà ọ̀fun àti àpò náà tí ó ń ṣe bí ìlẹ̀kùn. Bí iṣan yìí bá dẹ̀, tàbí tí àpò oúnjẹ kún jù, omi kíkan a gòkè, a sì máa ta ọ̀nà ọ̀fun. Èyí wọ́pọ̀ lára aboyún, nítorí pé èròjà tí ara rẹ̀ ń pèsè ń mú iṣan náà dẹ̀, ọmọ tí ń dàgbà sì ń ti àpò oúnjẹ sókè. Ara sísanra jù, ọtí àti sìgá náà ń dá kún un.

OHUN TÍ Ẹ LÈ ṢE NÍLÉ

1. Ẹ tètè jẹun alẹ́. Kí wákàtí 3 kọjá kí ẹ tó dùbúlẹ̀. Ẹni tí ó jẹ iyán ní agogo 9, tí ó sì sùn ní agogo 10, ó ṣílẹ̀kùn fún omi kíkan ni.

2. Ẹ máa jẹ díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, dípò àjẹyó ẹ̀ẹ̀kan.

3. Ẹ ṣọ́ ohun tí ń ta yín. Ó lè jẹ́ ata, ọbẹ̀ olóròóró, ẹran ọlọ́ràá, tòmáàtì, ọsàn, kọfí, obì tàbí ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò. Èyí tí ó bá ń ta yín nìkan ni kí ẹ dínkù. Ẹ má ṣe tìtorí èyí fi ẹ̀fọ́, ẹja àti ẹ̀wà du aboyún.

4. Ẹ fi pákó gbé ẹsẹ̀ ibùsùn níhà orí sókè ní ínǹṣì 6 sí 8, kí ẹ sì máa fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn.

5. Ẹ má ṣe di ìró tàbí ọ̀já mọ́ ikùn pinpin.

Ọsàn wẹ́wẹ́ kan, ó sì lè dá kún títa náà. Èròjà iyọ̀ pọ̀ nínú kán-ún, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ru. Aboyún àti ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ lò ó fún àyà títa.

ÌGBÀ TÍ KÌ Í ṢE ÀYÀ TÍTA LÁSÁN

Bí oyún bá ti kọjá oṣù 5, tí ìrora mú aboyún lábẹ́ egungun ìhà, tí orí ń fọ́ ọ gidigidi, tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, tàbí tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ wú lójijì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún, tí ń yọrí sí gìrì, tí ó sì lè pa ìyá àti ọmọ.

Bákan náà, ẹ má ṣe dúró bí ẹnikẹ́ni bá ń bì ẹ̀jẹ̀, tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, tí oúnjẹ ń há a lọ́fun, tí ó ń rù láìnídìí, tàbí tí ìrora tí ó tẹ àyà rẹ̀ bí ẹrù wúwo ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n.

Bí àyà bá sì ń ta ẹnì kan lemọ́lemọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2 tàbí 3, ẹ má ṣe ra oògùn lọ́wọ́ oníkiri. Ẹ lọ rí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà. Oògùn tí ó yẹ aboyún pàápàá wà níbẹ̀.