Ọtí, Ìlù àti Oorun Aládùúgbò

Kì í ṣe òní ni àwọn ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ti ń gbọ́ ìlù lóru. Bí àgbàlagbà bá kú, àwọn ọmọ òkú a ṣe àìsùn. Bí oṣù Rámádáánì bá dé, àwọn ọ̀dọ́ a máa lu wéré kiri láti jí àwọn Mùsùlùmí fún oúnjẹ sààrì. Láti inú wéré yìí ni Síkírù Àyìndé Barrister ti mú orin fújì jáde. Ẹ̀pẹ́ ní tirẹ̀ ní Lígàlì Mùkáíbà, ọ̀gá nínú orin àpàlà. Irú ariwo bẹ́ẹ̀ kì í sábà dá ìjà sílẹ̀, nítorí gbogbo àdúgbò ni ó mọ ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí, ẹni tí kò sì rí oorun sùn a jẹ nínú àsè.

Ti ilé ọtí òde òní yàtọ̀. Alaalẹ́ ni tirẹ̀, aládùúgbò kò sì ní ìpín kankan nínú rẹ̀. Bí èrò ti ń pọ̀ sí i ní Ìkòròdú, àwọn onílé sọ ìsàlẹ̀ ilé tí ó kọjú sí títì di ṣọ́ọ̀bù, ìdílé sì ń gbé lókè. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ọlọ́tí a gbé gbohùngbohùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí iná bá lọ, a tan jẹnẹrétọ̀ sí abẹ́ fèrèsé ẹlòmíràn.

Síbẹ̀, ọlọ́tí kì í ṣe ọ̀daràn. Abẹ́ rẹ̀ ni onísùúyà, ẹlẹ́ja yíyan àti agbọ́tí ti ń jẹun, ibẹ̀ sì ni òṣìṣẹ́ tí ó ti jókòó pẹ́ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ti ń sinmi. Ṣùgbọ́n lókè, aláìsàn wà níbẹ̀, ọmọ tí yóò ṣe ìdánwò wà níbẹ̀. Ní Ẹ̀pẹ́, obìnrin tí yóò ra ẹja ní Ọjà Olúwo kò lè dúró de oòrùn kí ó tó jí.

LASEPA, àjọ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 1996 láti máa bójú tó àyíká, fi ìwọ̀n ariwo sí dẹ́síbẹ́lì 55 lọ́sàn-án àti 45 lóru níbi tí ènìyàn ń gbé. Ìwọ̀n yìí kò dà bí ìwọ̀n ìrẹsì: bí a bá fi 10 kún un, agbára ìró náà ti di ìlọ́po 10. Nítorí náà, ilé ọtí tí ó ń ké ní 65 lóru ti fi ìlọ́po 100 kọjá ààlà. Ìró ìlù tí ó rinlẹ̀ a sì máa la ògiri kọjá, bí a tilẹ̀ ti fèrèsé nínú ooru. Àjọ náà ti ti ilé ọtí, ó ti ti hòtẹ́ẹ̀lì, ó sì ti ti ilé ìjọsìn pàápàá. Dẹ́síbẹ́lì kò mọ orin ìyìn yàtọ̀ sí orin ọtí.

Títì ilé pa ni ó yẹ kí ó kẹ́yìn. Kí a gbé gbohùngbohùn wọlé, kí a yí ẹnu rẹ̀ kúrò lójú títì, kí a dá wákàtí tí orin yóò dákẹ́, èyí kò náni tó owó ìtanràn. Ọ̀pọ̀ ayálégbé ni kì í sọ̀rọ̀ títí ìbínú yóò fi hó. Àwọn àgbà sì ti wí pé, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ jù ni onílé. Òun ni ó ń gba owó lọ́wọ́ ọlọ́tí nísàlẹ̀, òun náà ni ó ń gbà á lọ́wọ́ ayálégbé lókè. Ó lè kọ wákàtí ìdákẹ́jẹ́ sínú ìwé àdéhùn kí ó tó fi kọ́kọ́rọ́ lélẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onílé kì í sun inú ilé náà.