Àjò Kì Í Dùn Kí Onílé Má Relé: Oúnjẹ Ilẹ̀ Jàpáànì ní Pápákọ̀ Òfurufú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, a ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Òwe yìí ni ó ń sọ sí mi lọ́kàn ní ọjọ́ tí mo jókòó nínú ilé oúnjẹ kan ní pápákọ̀ òfurufú Haneda, ní ìlú Tókíò, tí mo ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé mi padà wá sílé. Ọmọ mi ọkùnrin tí ó ń kàwé níbẹ̀ ni mo lọ bẹ̀ wò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo rò pé n ó lò, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan péré ni mo lò tí ìròyìn fi dé láti ilé pé ìyá mi, ẹni ọdún 89, ti sùn. Òótọ́ ni pé òkú àgbà ni òkú rẹ̀, kì í ṣe òkú ọ̀fọ̀. Síbẹ̀, kò sí bí ìyá ẹni ṣe lè dàgbà tó tí ikú rẹ̀ kò ní dun ọmọ.

Ó ku wákàtí mẹ́rin kí ọkọ̀ gbéra nígbà tí a dé pápákọ̀. Ọmọ mi wò mí lójú, ó ní, "Bàámi, láti àná ni ẹ kò ti fi nǹkan kan ẹnu. Ẹ jẹ́ kí a jẹun kí ẹ tó wọlé lọ bá àwọn aṣọ́bodè." Oúnjẹ kò wù mí jẹ, ṣùgbọ́n mo rántí pé ọ̀nà jìn, mo sì tẹ̀lé e. Ohun tí mo rí àti ohun tí mo kọ́ nídìí oúnjẹ náà ni mo fẹ́ fi tó ẹ̀yin òǹkàwé wa létí lónìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ àṣà ni, ó sì kan àwa náà gbọ̀ngbọ̀n.

Ìlú Àtijọ́ Nínú Pápákọ̀

Pápákọ̀ Haneda kì í ṣe ti òní. Ọdún 1931 ni wọ́n ṣí i, létí omi òkun Tókíò. Nígbà tí wọ́n ṣí pápákọ̀ Narita ní ọdún 1978, lẹ́yìn ìjà ọlọ́dún gbọọrọ láàrin ìjọba àti àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n kọ̀ láti fi ilẹ̀ wọn sílẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n kó èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọkọ̀ tí ń lọ sí ilẹ̀ òkèèrè lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010 ni wọ́n tún ṣí ilé ńlá tuntun ní Haneda fún àwọn èrò ilẹ̀ òkèèrè. Ní àjà kẹrin ilé yìí ni àdúgbò kan wà tí wọ́n ń pè ní Edo Koji, èyí tí í ṣe òpópónà tóóró ti ìlú Edo. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Ẹ̀dó ti àwọn Bìní ni mo ń wí o. Edo ni orúkọ tí Tókíò ń jẹ́ kí ó tó di ọdún 1868.

Igi ni wọ́n fi ṣe iwájú àwọn ìsọ̀ àdúgbò náà, bí ẹni pé ayé àwọn baba ńlá wọn ni a wà. Afárá onígi kan tilẹ̀ wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣe ní àwòkọ Nihonbashi, afárá olókìkí ìlú Edo. Níwájú àwọn ilé oúnjẹ, wọ́n to àwọn àwo oúnjẹ sínú àpótí onígíláàsì, ìrẹsì funfun báláú, ẹja sísun, ọbẹ̀ tí ó ń dán. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bèèrè bí eṣinṣin kò ṣe bà lé wọn, àfi ìgbà tí ọmọ mi rẹ́rìn-ín tí ó ní ike ni gbogbo wọn. Ní àtijọ́, ìda ni wọ́n fi ń ṣe é. Àlejò tí kò gbọ́ èdè wọn yóò na ìka sí èyí tí ó fẹ́, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Oúnjẹ Ẹni Tí Ó Ń Kánjú

Mo kọ́kọ́ rò pé ohun àjèjì ni kí ènìyàn máa jẹ oúnjẹ ìbílẹ̀ ní pápákọ̀, níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń sáré. Ìgbà tí mo wádìí ni mo tó mọ̀ pé oúnjẹ ẹni tí ó ń kánjú ni mẹ́ta nínú àwọn oúnjẹ tí orúkọ wọn kàn jù lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Sushi ni èkíní. Ní ayé àtijọ́, wọn a fi iyọ̀ sí ẹja, wọn a dì í mọ́ ìrẹsì sísè, wọn a fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù kí ó lè kan. Ẹja ni wọ́n ń jẹ, wọn a da ìrẹsì nù. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún 1820 sí 1830, àwọn ará Edo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọtí kíkan pò ìrẹsì, wọn a fi ọwọ́ mọ ọ́n níwọ̀n òkèlè, wọn a gbé ẹja lé e lórí, ó di jíjẹ lójú ẹsẹ̀. Hanaya Yohei jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ìtàn dárúkọ pé wọ́n mú un gbilẹ̀. Soba ni èkejì, oúnjẹ gbọọrọ bí okùn tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ọkà kan ṣe, tí wọ́n ń jẹ nínú omi ọbẹ̀. Tempura ni ẹ̀kẹta, ẹja tàbí ewébẹ̀ tí wọ́n rì bọ inú ìyẹ̀fun pípò, tí wọ́n sì dín nínú òróró. Ọwọ́ àwọn Potogí tí wọ́n dé ilẹ̀ náà láàrin ọdún 1500 sí 1600 ni wọ́n ti kọ́ irú dídín bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n ti ń ta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní Edo, fún àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, alágbàṣe àti èrò ọ̀nà, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń ta ẹ̀kọ àti àkàrà fún ẹni tí ó ń lọ sóko. Orí ìdúró ni wọ́n ń jẹ ẹ́, títí di òní ni ìsọ̀ soba wà ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin tí kò ní àga kan ṣoṣo. Ìyá mi kì bá tí gba èyí láéláé. Lójú tirẹ̀, ẹṣin nìkan ni ó ń jẹun lórí ìdúró. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jẹ sushi ní Haneda kí ọkọ̀ tó gbéra kò ba àṣà jẹ́ rárá. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti bí oúnjẹ náà.

"Mo Fi Ìrẹ̀lẹ̀ Gbà Á"

Àwa méjèèjì jókòó ní tiwa. Wọ́n fún wa ní aṣọ tútù kékeré kí a fi nu ọwọ́, lẹ́yìn náà wọ́n gbé oúnjẹ wá: ìrẹsì, ẹja sísun, ẹ̀fọ́, gbòǹgbò funfun kan tí wọ́n rẹ sínú iyọ̀, àti ọbẹ̀ miso. Ẹ̀wà sóyà tí wọ́n mú kan, gẹ́gẹ́ bí a ti ń mú irú kan, ni wọ́n fi ń ṣe miso. Omi tí wọ́n fi koríko òkun àti ẹja gbígbẹ sè ni wọ́n ń pò ó sí. Láti inú koríko òkun yìí ni ọ̀jọ̀gbọ́n Kikunae Ikeda ti Tókíò ti rí ohun tí ń fa adùn náà yọ ní ọdún 1908, tí ó sì sọ adùn náà ní umami. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí irú ń ṣe nínú ọbẹ̀ kò ní pẹ́ mọ ohun tí Ikeda ń wí. Ní ọdún 2013, àjọ UNESCO kọ àṣà oúnjẹ ilẹ̀ Jàpáànì mọ́ àwọn ogún ìbílẹ̀ tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ pa mọ́.

Kí ọmọ mi tó fi nǹkan kan ẹnu, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó tẹrí ba díẹ̀, ó ní, "Itadakimasu." Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Bí oúnjẹ ti ń dé iwájú oníkálukú ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀, àti ẹni tí ó dá jókòó, àti ẹni tí ó ń wo aago nítorí ọkọ̀ rẹ̀. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ni pé, "Mo fi ìrẹ̀lẹ̀ gbà á." Inú àṣà gbígbé ohun tí ẹni tí ó ju ni lọ fi fún ni sókè orí ni ó ti wá. Ọpẹ́ ni fún ẹja tí ó kú, fún àgbẹ̀ tí ó gbin ìrẹsì, àti fún ẹni tí ó sè é. Bí wọ́n bá jẹun tán, wọn a ní, "Gochisosama deshita." Eré sísá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: ìdúpẹ́ ni fún gbogbo sísá sókè sá sódò tí olùgbàlejò ṣe kí oúnjẹ tó délẹ̀.

Àwa náà kúkú ní tiwa. Ọmọ tí a kọ́ kì í jẹun tán kí ó má kí ìyá àti bàbá rẹ̀. Bí ẹnìkan bá sì bá wa nídìí oúnjẹ, "Ẹ wá jẹun" ni a ń wí, tí onítọ̀hún yóò sì dáhùn pé, "Á gba ibi ire lọ." Mélòó nínú wa ni ó ṣì ń wí i bí ìkánjú bá dé?

Igi Méjì Nínú Àwo Ìrẹsì

Ibẹ̀ ni mo wà tí fóònù mi fi dún. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó fẹ́ mọ ìgbà tí n ó dé kí wọ́n lè dá ọjọ́ ìsìnkú. Kí n lè rí ọwọ́ mú fóònù, mo gún igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí mo fi ń jẹun, èyí tí wọ́n ń pè ní hashi, mọ́ àárín ìrẹsì inú àwo mi. Wọ́n dúró ṣánṣán. Ìyá arúgbó kan tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa rí i, ó yára gbé ojú kúrò. Ọmọ mi na ọwọ́, ó fa igi náà yọ, ó tẹ́ wọn sílẹ̀, ó ní, "Bàámi, ẹ jọ̀wọ́, wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí mo parí ọ̀rọ̀ lórí fóònù ni ó tó ṣàlàyé. Òkú ni wọ́n ń gbé irú ìrẹsì bẹ́ẹ̀ fún. Bí ènìyàn bá kú nílẹ̀ wọn, wọn a bu ìrẹsì kún àwo, wọn a gún igi ìjẹun mọ́ ọn lóròó, wọn a gbé e sí ìhà orí olóògbé. Bákan náà ni ó jẹ́ èèwọ̀ kí ẹnìkan fi igi ìjẹun gba oúnjẹ lẹ́nu igi ẹlòmíràn. Sísun ni wọ́n ń sun òkú wọn. Lẹ́yìn náà, àwọn ẹbí a fi igi gígùn ṣa egungun rẹ̀ sínú ìkòkò, wọn a sì máa gbà á láti ẹnu igi kan sí èkejì. Ohun tí a ti fi ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún òkú, a kì í fi ṣeré nídìí oúnjẹ.

Ìtìjú mú mi. Mo ní kí ọmọ mi bá mi bẹ ìyá arúgbó náà, kí ó sì sọ fún un pé ìyá mi ni mo ń lọ sin. Nígbà tí ó gbọ́, ó dìde, ó tẹrí ba fún mi gidigidi, ó sì sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ọmọ mi túmọ̀ rẹ̀ pé òun ni ó gbé ìrẹsì bẹ́ẹ̀ sí ìhà orí ìyá òun náà, nígbà tí òun wà ní ọmọge. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo jókòó, mo jẹ ìrẹsì náà tán, n kò ṣẹ́ hóró kan kù. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Jàpáànì ni a ń kọ́ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ìyá mi kọ́ mi.

Ìbéèrè Tí N Kò Bèèrè

Nínú ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ mí lẹ́nu. Láti kékeré mi ni mo ti ń rí i pé ìyá mi kì í jẹun kí ó má kọ́kọ́ já òkèlè kékeré kan sílẹ̀. Bí ó bá ti ń já a, yóò máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lábẹ́ ètè. Èmi tí mo ti kàwé, mo pè é ní nǹkan àwọn àgbà, n kò sì bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ rí, fún gbogbo ọdún tí a fi jọ jẹun. Èmi kan náà ni mo wá di òkun kọjá, tí mo ń bèèrè ìdí tí a kì í fi gún igi mọ́ ìrẹsì!

Nígbà tí mo délé, tí a sin ìyá tán, mo bèèrè lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ó ní àwọn tí wọ́n ti lọ ṣáájú ni ó ń fún, pé orúkọ wọn ni ó ń pè. Mo ní, "Àwọn wo ni?" Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó mi orí, ó ní, "Òun nìkan ni ó mọ̀ wọ́n." Orúkọ wọ̀nyẹn ti bá a wọlẹ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe kọ ọ̀rọ̀ yìí. Èèwọ̀ ẹlòmíràn lè dà bí eré lójú àlejò, ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀ ni òkú onílé dúró sí. Ẹni tí ó bá re àjò, kí ó bèèrè kí ó tó ṣe. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí ẹ bá dé Tókíò kí ẹ tó bèèrè ìdí ohun tí ìyá yín ń ṣe nídìí àdògán. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá fún wọn. Ẹ̀yin àgbà, bí ọmọ bá bèèrè, ẹ má ṣe dá a lóhùn pé "bẹ́ẹ̀ ni a ń ṣe é" kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ dárúkọ àwọn tí ẹ ń pè. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá relé gbọ́dọ̀ bá ẹni tí yóò dá a lóhùn nílé.