KÒTÒ FỌ́ RÍÌMÙ, ÌJỌBA DÁKẸ́: TA NI YÓÒ SANWÓ ỌKỌ̀?

Ẹ̀yin awakọ̀ wa, ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà tí ẹ máa ń jókòó ti àpò gàrí lẹ́yìn ọkọ̀ ní kùtùkùtù, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Òjò rọ̀, omi bo ojú títì, awakọ̀ rò pé omi lásán ni, ó forí lé e. Gbàà! Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti wọ kòtò. Táyà bẹ́, ríìmù ká kò, ṣọ́ọ̀kù ń da ọ́ìlì sílẹ̀. Tòmátò ẹ̀yìn ọkọ̀ ti di ọbẹ̀ kó tó dé ọjà. Awakọ̀ á sọ̀ kalẹ̀, á káwọ́ lérí, á ṣépè fún ìjọba díẹ̀, á sì ránṣẹ́ pe fọkanáísà. Ó parí síbẹ̀. Owó ilé ìwé ọmọ ló fi ra táyà.

Ẹ jẹ́ kí á béèrè ohun tí ọ̀pọ̀ wa kì í béèrè: ṣé ẹni tó ni títì náà kò jẹ gbèsè ọkọ̀ yẹn ni?

Ìbéèrè yìí ti wà kí mọ́tò tó dáyé. Ní ọdún 1788, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Russell ní kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ẹṣin ń fà. Afárá kan bàjẹ́ ní agbègbè Devon, kò sẹ́ni tó tún un ṣe, kẹ̀kẹ́ ẹrù náà sì bàjẹ́ níbẹ̀. Russell gbé àwọn ará Devon lọ sí kóòtù, nítorí àwọn ará ìlú ló ń bójú tó afárá láyé ìgbà náà. Àwọn adájọ́ ní rárá o. Wọ́n ní àwọn ará Devon kò ní àpò owó kan tí wọ́n lè ti san án, àti pé bí àwọn bá dá Russell láre, ẹjọ́ kò ní tán láéláé. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ là á mọ́lẹ̀ pé ó sàn kí ẹnì kan ṣoṣo jìyà ju kí gbogbo ìlú rí ìnira lọ. Ẹ ò rí nǹkan! Lójú tèmi o, ẹni tí kì í fi kẹ̀kẹ́ ẹrù jẹun ló lè sọ bẹ́ẹ̀.

Irú ìdájọ́ báyìí ló fìdí òfin kan múlẹ̀: bí ẹni tó ń bójú tó títì bá kàn jókòó tẹtẹrẹ tí kò ṣe nǹkan kan, a ò lè gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ kòtò sójú títì tó sì fi í sílẹ̀ gbayawu, ọwọ́ òfin lè tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó sùn bọ́. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ìṣekúṣe ló há. Ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti pa òfin yẹn tì. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1961, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1964, ká ààbò náà kúrò lórí àwọn káńsù. Èyí tí wọ́n ń lò báyìí ni òfin títì ti ọdún 1980. Nítorí náà, ọmọ Yorùbá tó ń gbé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, bí kòtò bá fọ́ ọkọ̀ rẹ̀, kò ní fi èpè mọ. Á ya fọ́tò kòtò náà, á fi nǹkan wọ̀n ọ́n kí á lè rí bó ṣe jìn tó, á kọ orúkọ òpópónà sílẹ̀, á gba rìsíìtì lọ́wọ́ mẹkáníìkì, á sì kọ̀wé sí káńsù Southwark, tó ni àwọn òpópónà àdúgbò. Bó bá jẹ́ títì ńlá tí wọ́n fa ìlà pupa sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, Transport for London ló ni ìyẹn. Ọdún mẹ́fà ni òfin sì fún un láti pe ẹjọ́ lórí ọkọ̀ tó bàjẹ́.

Ẹ má rò pé owó ń já bọ́ lójú ọ̀run níbẹ̀ o. Ìpín 58 wà nínú òfin náà tí àwọn káńsù máa ń sá sábẹ́ rẹ̀. Bí káńsù bá lè fi ìwé hàn pé àwọn ń yẹ títì náà wò déédéé, àti pé kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn pé kòtò ti ṣí síbẹ̀, ó lè bọ́ pátápátá. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe níbẹ̀ fi máa ń kọ́kọ́ bi káńsù pé: ta ló ti fi kòtò yìí tó yín létí rí, ọjọ́ wo sì ni? Bí aládùúgbò kan bá ti kọ̀wé ní oṣù méjì ṣáájú, tí káńsù sì káwọ́ gbera, ọ̀rọ̀ dé. Lẹ́tà ẹni tí wọn kò mọ̀ rí yẹn ló lè gba owó táyà fún wọn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Òfin Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe wà ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900 ni àwọn òyìnbó gbé fún ilé ẹjọ́ wa láti máa lò. Àtúnṣe 1961 kò bá a wá, nítorí a ti gba òmìnira ní 1960. Lọ́yà ìjọba ṣì lè dìde lónìí kó máa wí bíi tàwọn ará Devon: a ò ṣe nǹkan kan, nítorí náà a ò jẹ̀bi. Èyí tó tún le ju ìyẹn lọ ni òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba, tí àwọn lọ́yà ń pè ní Public Officers Protection Act. Oṣù mẹ́ta péré ló fún yín láti pe ẹjọ́. Kó lé ní ọjọ́ kan, ilẹ̀kùn ti tì. Ilé ẹjọ́ sì ti sọ ọ́ pé kì í ṣe èèyàn nìkan ni òfin náà bò, ó bo iléeṣẹ́ ìjọba pẹ̀lú. Ẹ̀gbọ́n ní Peckham ní ọdún mẹ́fà, àbúrò ní Mushin ní oṣù mẹ́ta. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò.

Bí oṣù mẹ́ta ṣe máa ń lọ nìyí: awakọ̀ á kọ́kọ́ lọ sí káńsù, wọ́n á ní kì í ṣe tiwọn, á lọ sí ti ìpínlẹ̀, wọ́n á ní kó lọ rí ìjọba àpapọ̀. Nítorí náà, ẹ tètè mọ ẹni tó ni títì. Títì Èkó sí Ìbàdàn àti ti Ìbàdàn sí Ìlọrin, ti ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n. FERMA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2002, ni wọ́n gbé iṣẹ́ àtúnṣe irú títì bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́. Ní Èkó, Lagos State Public Works Corporation ló ń dí kòtò títì ìpínlẹ̀. Ìwé òfin 1999 sì ka títì àdúgbò mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀.

Ìyàtọ̀ tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn wá dà? Òun nìyí. Bó bá jẹ́ agbaṣẹ́ṣe ló gbẹ́ títì láti ri páìpù omi tàbí wáyà, tó fi ihò sílẹ̀ láìsí àmì, láìsí iná, láìsí dúrọ́ọ̀mù kan ṣoṣo, ẹjọ́ yín lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀ dáadáa. Ẹnìkan ló gbẹ́ ẹ. Kì í ṣe pé ó sùn. Bó bá jẹ́ iléeṣẹ́ aládàáni, kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba tí òfin oṣù mẹ́ta ń bò. Ẹ ya fọ́tò pátákó orúkọ iléeṣẹ́ náà kí wọ́n tó gbé e lọ!

Àwọn mìíràn á ní, “Ṣebí mo ní ìnṣọ́ránsì.” Irú èwo? Tádì-páátì tí gbogbo wa ń rà, tó kúrò ní ₦5,000 di ₦15,000 fún ọkọ̀ aládàáni láti oṣù kìíní ọdún 2023, ẹni tí ẹ bá kọlù ló wà fún. Kòtò kì í ṣe ẹnìkan, kò sì ní ọkọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní comprehensive ló lè san tiyín, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní sanwó táyà àfi bí ibòmíràn lára ọkọ̀ bá bàjẹ́ pẹ̀lú. Ẹ ka ìwé náà kí ẹ tó sanwó, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ọmọ yín kà á fún yín.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, iṣẹ́ wà fún yín níbí. Kòtò tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọjà yín, ẹ kọ̀wé lé e lórí kó tó fọ́ ọkọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì, ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì tó ni títì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ gbígbà àti ọjọ́ sára ẹ̀dà tí ẹ ó mú padà. Òfin ọdún 2011 tó fún aráàlú láyè láti béèrè ìròyìn lọ́wọ́ ìjọba wà pẹ̀lú. Ọjọ́ méje ló fún iléeṣẹ́ ìjọba láti fèsì. Ẹ bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n tún títì yìí ṣe kẹ́yìn, ta ni wọ́n gbé e fún, èló ni wọ́n san. Bí ọkọ̀ kan bá wá fọ́ níbẹ̀ lẹ́yìn náà, lọ́yà awakọ̀ yẹn kò ní dìde lọ́wọ́ òfìfo.

Ẹni tó bá ti gba owó táyà tàbí ti ríìmù rí lọ́wọ́ ìjọba tàbí lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe nítorí kòtò, kó jọ̀wọ́ kọ̀wé sí ojú ewé lẹ́tà wa, kó sọ títì tó jẹ́ àti iye oṣù tó gbà á. Ẹni tí wọ́n lé dà nù náà, kó kọ̀wé, kó sì fi ẹ̀dà èsì tí wọ́n fún un ránṣẹ́.